Ẹ̀wù Òtútù Dókítà Àgùntàn

Bàbá fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ rántí ìyẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú bàbá. Òun ló lọ ra aṣọ onírun àgùntàn tó nípọn, aláwọ̀ eérú, òun ló ká a sínú báàgì, òun náà ló sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ fún Àdéhùn kó fi rán ẹ̀wù òtútù.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń yí etí aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé padà láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, kó lè mọ̀ bóyá òbí wọn fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òbí tó bá fi àyè sílẹ̀, bàbá á ní, ìyẹn ló ní i lọ́kàn pé ọmọ òun á dàgbà sí ilé-ìwé yìí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun fúnra rẹ̀ bí, ìyá ọmọ náà sì ti kú láti kékeré rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ ìṣègùn ẹran ọ̀sìn sí i ní Ọsirélíà, bàbá gbé ìròyìn náà láti ojúlé dé ojúlé, ó ń ṣàlàyé pé àìsàn àgùntàn gan-an ni ọmọ òun ń lọ mọ̀ dunjú, torí pé àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Àwọn ará àdúgbò bá a yọ̀, wọ́n sì ti sọ ọmọ náà ní Dókítà Àgùntàn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó kọ́kọ́ bínú sí orúkọ yìí. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn sí i.

Oṣù kìíní ọdún ló máa gbéra. Bàbá ti lọ sí ìlú òyìnbó lẹ́ẹ̀kan rí, ní oṣù kìíní, òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí rẹ̀ já. Láti ìgbà náà, gbogbo òkè òkun pátá ló ń tutù ní oṣù kìíní lójú tirẹ̀. Dókítà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí òun ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi ránṣẹ́ sí i pé ooru ló máa bá níbẹ̀, pé kó mú fìlà tó gbòòrò dání. Ṣùgbọ́n ta ni í sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé ó ṣì í? Ó pinnu pé òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ tí inú bàbá bá dùn, ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó ń lọ.

Àdéhùn kì í ṣe orúkọ tí ìyá télọ̀ náà sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A kúkú mọ àwọn télọ̀: ẹ padà wá lọ́la, bọ́tìnnì ló kù, ó kù kí n lọ̀ ọ́ ni, títí ọjọ́ ìnáwó á fi dé tí oníṣọ́ọ̀bù á sì ti ilẹ̀kùn. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Bó bá ní Túsìdeè, Túsìdeè ni, aṣọ á ti wà lórí igi ìfiṣọkọ́, lílọ̀, kíká. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: máṣíìnì méjì, tábìlì tí áyọ́ọ̀nù ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dígí gígùn tí igun rẹ̀ ti fọ́, àti kọ́tìnì olódòdó tó ta sí kọ̀rọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ wọ aṣọ wò. Nígbà tí Dókítà wọlé, Àdéhùn ń tú ìdí ṣòkòtò ńlá kan.

"Ẹ jókòó, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n tú ti oníbúrẹ́dì yìí tán."

"Ṣé ó ya ni?"

"Aṣọ ò ya. Ẹni tó ni ín ló sanra." Ó yí inú ṣòkòtò náà síta, ó fi aṣọ tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán hàn án. "Ẹ wò ó. Nígbà tí mo rán an ni mo ti fi àyè yìí sílẹ̀. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì tó sì ń jẹ níbẹ̀, mo mọ̀ pé á padà wá."

"Gbogbo oníbàárà yín lẹ máa ń fi àyè sílẹ̀ fún?"

"Rárá o. Àyè máa ń mú kí aṣọ wúwo. Ẹni tó bá máa padà sọ́dọ̀ mi nìkan ni. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, mo máa ń gé tiẹ̀ mọ́ ojú ìrán, kára ẹ̀ lè fúyẹ́." Ó gbé ṣòkòtò sílẹ̀, ó tú báàgì, ó fi ìka méjì tẹ aṣọ náà wò. "Ibo lèèyàn ń gbé irú èyí lọ?"

"Ọsirélíà."

"Áà. Ẹ̀yin ni Dókítà Àgùntàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí."

"Èmi náà, Àdéhùn ni wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́."

Ó fa téèpù láti ọrùn, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn. Ó dé ibi àyà, ó dúró. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí. Ẹ̀wù téèyàn bá wọ̀n nígbà tẹ́ni tó ni ín di èémí mú, kì í gbà á mọ́ tó bá mí." Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti di èémí mú látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tì í. Kó má bàa hàn, ó béèrè ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

"Èmi ńkọ́? Ṣé ẹ máa fi àyè sílẹ̀ fún mi?"

Àdéhùn wo téèpù rẹ̀. "Ká sòótọ́, àwọn tó ń lọ òkè òkun kì í sábà padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí."

Ìdáhùn oníṣòwò ni, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó dun ọmọbìnrin náà títí ó fi délé, kò sì lè sọ pé ìdí báyìí ni. Nígbà tó wọlé, bàbá ń fi ẹnu kọrin, inú rẹ̀ dùn púpọ̀, àsìkò tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ooru jáde gan-an nìyẹn. Dókítà ya ẹnu láti sọ ọ́, ó rántí pé bí òun bá sọ ọ́, kò ní sí ẹ̀wù mọ́, bí kò bá sì sí ẹ̀wù, kò sí ohun tó ń gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó pa ẹnu dé, ó béèrè bóyá bàbá ti jẹun.

Ọjọ́ tí Àdéhùn dá pé. Dókítà dé ibẹ̀, ó bá ẹ̀wù láìlápá.

"Bọ́tìnnì tó bá a mu ni mi ò tíì rí," Àdéhùn ní, kò gbójú sókè.

"Ṣé bọ́tìnnì ló ń di apá mú?"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Obìnrin kan tó wá gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ gbọ́ èyí, ó kọjú wo òkè bóyá òrùn ṣì wà níbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Àdéhùn yẹ àdéhùn. Àwọn kan ní ara rẹ̀ ò yá. Oníbúrẹ́dì ní ayé ti bàjẹ́ pátápátá nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀, apá kan ti wà. Nígbà míì tó tún lọ, apá kejì ti wà, ṣùgbọ́n kọ́là ò dùn ún wò. Lẹ́yìn kọ́là, ó kan aṣọ inú. Gbogbo ìgbà ló ń wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí nínú ooru ọ̀sán, òógùn á máa ṣàn lọ́rùn rẹ̀, Àdéhùn á máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí kò nílò ìlà. Wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀. Dókítà sọ fún un pé àgùntàn kì í ké bí nǹkan bá ń ṣe é, pé ṣe ló máa ń fi pamọ́, á máa jẹun lọ láàárín àwọn yòókù.

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀?" Àdéhùn bi í.

"Ọwọ́ la fi ń wá a. Èèyàn á ti ọwọ́ bọ abẹ́ irun rẹ̀, á máa wá a díẹ̀díẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i."

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu Àdéhùn. Ó yọ ọ́. "Mi ò fẹ́ kí ẹ̀wù yìí parí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Látìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Látorí bọ́tìnnì."

Ó rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ," Àdéhùn ní. "Mi ò ní kó o má lọ o. Lọ, kó o kàwé ẹ dáadáa. Ohun tí mo ń wí ni pé kó o padà wá bá mi. Ọdún mẹ́ta tó o máa lò ò pọ̀ jù fún mi láti dúró dè ọ́."

Dókítà ní òun á rò ó. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọmọbìnrin kì í ti ibẹ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ara rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sáré ìwé yìí, ó sì ń rò ó pé bí òun bá fi ọkàn sílẹ̀ lẹ́yìn, ara nìkan ló máa dé Ọsirélíà. Lọ́nà kejì, ó ń rò ó pé ọdún mẹ́ta pọ̀ fún ọkùnrin tí gbogbo obìnrin àdúgbò ń gbé aṣọ wá fún. Lọ́jọ́ kan ó máa ní òun á gbà. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, á ní kò ṣeé ṣe.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dé etígbọ̀ọ́ bàbá. Ta ló sọ ọ́? Kò ṣòro. Bí télọ̀ tí kì í yẹ àdéhùn bá ń yẹ ẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ta ni kò ní fura?

Bàbá kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pe Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò ìyá ọmọ náà, ẹni tó bá a tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí dé tòun ti aṣọ funfun iṣẹ́ lọ́rùn, ó bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀, ó bá ọmọ ní kíṣìnnì, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó ṣe di alárinà láàárín yàrá méjì nìyẹn.

"Bàbá ẹ ní ṣé télọ̀ ló kù," ó ní ní kíṣìnnì.

"Ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni télọ̀ ṣe."

Ó padà sí pálọ̀. "Ó ní kí ni télọ̀ ṣe, bọ̀dá mi."

"Kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ gidi ni," bàbá ní. "Sọ fún un pé mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ apoògùn níbẹ̀ ló máa wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọlúàbí ni, kò tíì láya. Ohun tó wà ní ìtòsí èèyàn lèèyàn ń rí lò."

Àǹtí gbé ìyẹn lọ, ó gbé òmíràn bọ̀, títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún. Ní ìgbẹ̀yìn ó jókòó sí àárín ọ̀nà pálọ̀ àti kíṣìnnì, ó bọ́ bàtà. "Mo ti dúró látàárọ̀ lórí àwọn aláìsàn," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́ ara yín láti ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ máa sọ̀rọ̀, èmi á máa mi orí."

Nígbà tí bàbá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìyá ẹ rí ààyè ẹ̀kọ́ bíi tìẹ yìí," ó ní. "Èmi ni mo ní kó dúró fẹ́ mi. Ó dúró. Kò fi bú mi títí ó fi kú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin kankan tún ní kí ìwọ dúró."

Dókítà kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà lẹ́yìn kọ́tìnì olódòdó, ó ń wọ ẹ̀wù tí kò tíì ní aṣọ inú wò, nígbà tó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró gbagidi. Ó gbọ́ tí Àdéhùn dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ tí àga dún.

"Wọ́n ń pè ọ́ ní Àdéhùn," bàbá ní. "Mo wá bá ọ ṣe ọ̀kan ni."

"Mò ń gbọ́, bàbá."

"Ọmọ kan ni mo ní. Mi ò ní o kì í ṣe èèyàn gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin wúwo lọ́rùn obìnrin tó bá fẹ́ràn rẹ̀. Bó o bá ní kó padà wá bá ọ, ẹsẹ̀ kan ni yóò máa fi rìn níbẹ̀. Ṣèlérí fún mi pé o ò ní sọ ọ́ fún un mọ́, yálà lẹ́nu tàbí lórí fóònù tàbí kó o rán ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ rẹ lọ́rùn rẹ̀, ohun tó bá wù ú ló máa ṣe."

Ooru mú lẹ́yìn kọ́tìnì. Irun àgùntàn ń jẹ ọmọbìnrin náà lọ́rùn, kò lè họ ọ́. Ó ń retí pé Àdéhùn á kọ̀, á ní ọ̀rọ̀ ọkàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó sì mọ̀ pé Àdéhùn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

"Mo ṣèlérí, bàbá," Àdéhùn ní. "Mi ò ní sọ fún un pé kó padà wá bá mi."

Nígbà tí ìró ẹsẹ̀ bàbá jìnnà, ọmọbìnrin náà jáde lẹ́yìn kọ́tìnì, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ bá wọn jiyàn."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ."

"Ṣé ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ fún èmi?"

"Mo ti ṣèlérí." Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀wù náà lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀wù á ṣe tán ní Sátidé."

Ní Sátidé, ẹ̀wù ṣe tán lóòótọ́. Bọ́tìnnì, kọ́là, aṣọ inú, gbogbo rẹ̀ pé. Oníbúrẹ́dì tó ń kọjá rí i, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara Àdéhùn ti yá. Dókítà gbé ẹ̀wù náà dání, ó wúwo gan-an. Inú ń bí i, ó sì fẹ́ sọ ohun tó máa dùn ún.

"Ẹ mọ̀ pé kò wúlò," ó ní. "Ooru ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé aṣọ wá fún yín rárá."

"Èmi náà mọ̀," Àdéhùn ní. "Látọjọ́ kejì tó o wá. Mo wo ojú ọjọ́ ibẹ̀ lórí fóònù mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ?"

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, ẹkún sì wà lẹ́bàá rẹ̀. "Ó máa ń tutù níbẹ̀ tó bá di oṣù kẹfà," Àdéhùn ní. "Ìgbà yẹn ni kó o wọ̀ ọ́." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó bá a ká ẹ̀wù sínú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Apoògùn pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú bí wọ́n ṣe sọ. Ó rí ẹ̀wù náà lápá rẹ̀ nínú ooru tó ń jó ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń fi ọkọ̀ gbé e lọ ra oúnjẹ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó fi ibi tí owó ọkọ̀ ti dín hàn án, kì í sì í jókòó pẹ́ nílé rẹ̀. Bí Dókítà bá ń wá ohun tó burú lára rẹ̀, kì í rí i.

Àdéhùn kò pè é. Òun ló pè é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tó ti sú u láti máa retí. Àdéhùn béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó béèrè bí àgùntàn ṣe ń ṣe, ó ní bàbá ń ṣe dáadáa, òun rí wọn lánàá. Kò fi nǹkan kan kún un. Dókítà gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní bóyá ọ̀rọ̀ ti tán, bóyá ọkùnrin náà ti gé òun mọ́ ojú ìrán, kára rẹ̀ lè fúyẹ́. Bí èèyàn bá dákẹ́, báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tó ń pa ìlérí mọ́ àti èyí tó ti gbàgbé?

Òtútù dé. Apoògùn ní kí wọ́n jọ jáde lọ jẹun ní Sọ́ńdè, pé òun ní ọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n tiẹ̀ tíì jáde kó tó sọ ọ́. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà ní yàrá Dókítà, ó fi ọwọ́ lé orúnkún.

"Bàbá mi àti bàbá rẹ ti jọ sọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ti wọn kọ́ ni mò ń wí. Èmi fúnra mi ló wù láti fẹ́ ọ. Kí ni ìwọ rí sí i?"

Dókítà fẹ́ gbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọkùnrin náà sì dára, ìtòsí ló wà. "Ẹ jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù," ó ní, kó lè rí àyè mí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ẹ̀wù òtútù tí Àdéhùn rán jáde, ó wọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì ò pàdé ihò rẹ̀. Búrẹ́dì àti mílíìkì ìlú náà ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

"Wàá ní láti ra òmíràn," apoògùn ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ inú rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Láìronú, bó ṣe ń ṣe sí àgùntàn lójoojúmọ́, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó ń wá a díẹ̀díẹ̀ lọ sókè. Ó kan ojú ìrán ẹ̀gbẹ́. Aṣọ wà níbẹ̀, ó ṣẹ́ kù, ó gbòòrò ju ìka méjì lọ, Àdéhùn sì ti fi òwú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa ká. Ó wá ẹ̀gbẹ́ kejì. Bákan náà. Ó wá apá, ó wá ẹ̀yìn, ó wá èjìká. Kò síbi tí ọkùnrin náà gé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aṣọ tí bàbá rà ló wà nínú ẹ̀wù náà, abájọ tó fi wúwo. Lẹ́yìn tí Àdéhùn ti ṣèlérí fún bàbá ló rán aṣọ inú yìí bò ó.

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ayọ̀ tó bá a pọ̀ débi pé ojú ń tì í níwájú àlejò.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹnì kan wà nílé."

"Bàbá rẹ ní kò sí ẹnikẹ́ni."

"Bàbá mi ò tíì wo inú ẹ̀wù yìí."

Apoògùn wo ẹ̀wù, ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún un kí òtútù má mú un, wọ́n sì lọ jẹun náà bí wọ́n ti sọ.

Nígbà tó padà dé, ó pe Àdéhùn. "Ẹ̀wù yẹn ti fún mi," ó ní.

"Ibo ló ti fún ọ?"

"Gbogbo ibi. Wọ́n ní télọ̀ wà níbí tó lè tú u. Mo ní rárá, mo ní télọ̀ tèmi. Mò ń gbé e bọ̀ wá fún yín tí mo bá ṣe tán."

"Mi ò sọ nǹkan kan o," Àdéhùn ní.

"Mo mọ̀. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

Kíkọ̀ tí Dókítà kọ apoògùn bí bàbá nínú, kò ní ṣe kó má bí i. Àǹtí Nọ́ọ̀sì tún di alárinà, lórí fóònù lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ó sàn díẹ̀ fún ẹsẹ̀ òun. Bàbá ní òun ò gbà, Dókítà ní òun ń gbọ́, ó sì ń kàwé rẹ̀ lọ. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ipò iwájú ni nígbà tí wọ́n parí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọkùnrin kan dá a dúró.

Ọjọ́ tó padà dé, òrùn mú gan-an. Bàbá àti Àǹtí dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bàbá ti hewú sí i. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó tú u sílẹ̀, ó wo ohun tó wà lápá rẹ̀.

"Ẹ̀wù wo lo tún gbé dání nínú ooru yìí?"

"Èyí tẹ́ ẹ rà fún mi ni, bàbá. Ó ti fún mi. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tú u."

Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í gbàgbé: ó yí etí ẹ̀wù náà padà bó ti máa ń ṣe sí aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, ó dúró báyìí láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀.

"Ìgbà wo ló parí èyí?"

"Sátidé yẹn."

"Lẹ́yìn tí mo ti lọ bá a."

"Lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lọ bá a. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, bàbá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Bàbá yí etí ẹ̀wù náà padà sí bó ṣe wà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. "Mo ní kó má sọ̀rọ̀," ó ní. "Kò sì sọ̀rọ̀." Ó tún wo ọmọ rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú náà.

Wọ́n rìn dé ibi ọkọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ wà á, ó béèrè pé ọ̀nà wo ni kí òun gbà kí wọ́n lè tètè délé.

"Gba ti ṣọ́ọ̀bù," bàbá ní. "A ó kọ́kọ́ yà kí àna mi." Àǹtí fẹ́ bá a ju ẹ̀wù sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù yòókù, bàbá kò gbà. Ó gbé e lé itan ara rẹ̀ nínú ooru, títí wọ́n fi débẹ̀.